Iná sólà ọ̀sán: ká tà á fún NẸ́PÀ ni, àbí ká tọ́jú rẹ̀ di alẹ́?

Ìbéèrè: Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ kọ̀wé sí wa láti Ìyàrà. Wọ́n ní àwọn ọmọ wọn ra ínfátà háíbírìdì 5 kW (ẹ̀rọ tó ń pa iná oòrùn, ti bátìrì àti ti NẸ́PÀ pọ̀) fún wọn, pẹ̀lú bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan tó jẹ́ 51.2V, 100Ah, àti páànẹ́ẹ̀lì 8 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 550W. Oníṣẹ́ tó bá wọn so ó sọ pé iná tó bá ṣẹ́kù lọ́sàn-án yóò máa gba wáyà NẸ́PÀ jáde, mítà yóò sì máa yí padà sẹ́yìn, tí wọn kò fi ní máa ra káàdì mọ́. Láti ìgbà náà, yúnìtì tí wọ́n ń rà ń yára tán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bátìrì sì ń kú kí ilẹ̀ tó mọ́, bẹ́ẹ̀ fíríìsà kan, fáànù 2, tẹlifíṣọ̀n àti gílóòbù 6 ni gbogbo ohun tí wọ́n ń tàn lálẹ́. Oníṣẹ́ náà wá ní kí wọ́n fi páànẹ́ẹ̀lì 2 kún un kí èrè lè pọ̀. Fọ́tò síkírínì tí wọ́n fi ránṣẹ́ fi hàn pé "Selling First" (kí títà ṣáájú) ni wọ́n yàn, tí wọ́n sì fi àmì sí "Solar Sell" (títa iná oòrùn) àti "Time of Use" (ètò ohun tí ẹ̀rọ yóò máa ṣe ní àkókò kọ̀ọ̀kan). Wọ́n fẹ́ mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe.

Ìdáhùn: Ẹ̀yin ìyá wa, òkun o. Ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi páànẹ́ẹ̀lì kún un, ẹ má sì tíì ná kọ́bọ̀ mọ́ lórí rẹ̀. Yúnìtì tó ń yára tán, bátìrì tó ń kú kí ilẹ̀ tó mọ́, èrè tí ẹ̀ ń retí tí ẹ kò rí, ó hàn nínú fọ́tò yín pé ibì kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá: wọ́n ti ṣètò ẹ̀rọ yín láti máa ta iná fún ẹni tí kò bá yín dúnàádúrà. Ẹ jẹ́ kí a pa títà náà lónìí, kí a sì tún ẹ̀rọ náà tò, kí oòrùn kọ́kọ́ bọ́ ilé yín, lẹ́yìn náà kó kún bátìrì, kí NẸ́PÀ sì wà lẹ́yìn àwọn méjèèjì.

Ara mítà ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Mítà àtijọ́, èyí tó ní àwo irin tó ń yí po nínú gíláàsì, lè yí sẹ́yìn lóòótọ́ bí iná bá ń jáde láti inú ilé, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ tí oníṣẹ́ yín gbọ́ ti wá. Mítà oníkáàdì tí wọ́n ń so mọ́ ilé wa báyìí kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kì í wo ọ̀nà tí iná gbà: bó wọlé, wọn a kà á, bó jáde, wọn a tún kà á mọ́ èyí tí ẹ rà. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń ka iná tó ń jáde sí iṣẹ́ ẹni tó fọwọ́ kan mítà láti jí iná, wọn a sì ti ilé náà pa títí òṣìṣẹ́ yóò fi wá ṣí i. Bí mítà yín bá jẹ́ èyí tó ń ka ìjáde mọ́ ìwọlé, iná tí Ọlọ́run fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ ni ẹ̀ ń gbé fún àdúgbò, tí ẹ sì tún ń sanwó lé e lórí, ó sì ká mi lára gidigidi pé irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fún ẹni tó ń fi owó ìfẹ̀yìntì ra káàdì.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Ẹ dúró di nǹkan bí aago kan ọ̀sán, ní ọjọ́ tí oòrùn mú, tí NẸ́PÀ wà, tí bátìrì sì ti kún. Ẹ pa gbogbo ohun tó ń lo iná nínú ilé, àti fíríìsà pẹ̀lú, kí ẹ wá lọ dúró níwájú mítà. Iná pupa kékeré kan wà lójú rẹ̀ tó máa ń ṣẹ́jú. Lára ọ̀pọ̀ mítà, wọ́n kọ 1000 imp/kWh sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí ni pé ìgbà 1,000 ni iná yẹn yóò ṣẹ́jú kí yúnìtì kan tó lọ. Nígbà tí kò sí ohun tó ń lo iná nílé, ó yẹ kó dákẹ́, tàbí kó máa ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó jìnnà síra. Bó bá ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 2 síra, wáàtì 1,800 ló ń kọjá lójú wáyà yín. Bó bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtì 4, yúnìtì 7 àti díẹ̀ ti kúrò nínú káàdì yín láìjẹ́ pé ẹ tan gílóòbù kan. Kí ẹnì kan máa wo síkírínì ínfátà lákòókò kan náà. Bí ọfà tó wà láàárín ẹ̀rọ àti àwòrán ọ̀pá iná bá kọjú sí ọ̀pá, tí mítà sì ń ṣẹ́jú kíkankíkan, ẹ ti rí ìdí tí káàdì fi ń tán.

Ti bátìrì náà kò ṣòro láti rí. Nígbà tí wọ́n bá yan "Selling First", tí wọ́n sì tan "Time of Use" láìkọ ìpín tí bátìrì kò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe àjẹkù oòrùn nìkan ni ẹ̀rọ náà ń tà. Ó lè gbé ohun tó wà nínú bátìrì pàápàá jáde sójú wáyà ní alẹ́ tí NẸ́PÀ bá wà. Bátìrì tí ẹ rò pé fíríìsà yín ló ń jẹ ẹ́, ó lè jẹ́ pé ìgboro ló ń jẹ ẹ́.

Ní ti àtúntò, kí ẹ pe oníṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ ohun tí ẹ máa ní kó ṣe. Kó yọ àmì kúrò ní "Solar Sell", kó sì kúrò lórí "Selling First". Ọ̀nà méjì ni ẹ̀rọ irú tiyín ní láti má fi jẹ́ kí iná jáde. "Zero Export to Load" kò ní fún ohunkóhun níná ju èyí tí wọ́n so mọ́ ojú ihò LOAD lára ẹ̀rọ náà, ibi tí iná ti ń jáde bọ́ sílé, lọ. "Zero Export to CT" máa ń lo òrùka kékeré kan tí wọ́n fi há wáyà tó ti mítà wá, kí ẹ̀rọ lè mọ ohun tí gbogbo ilé ń lò, títí kan àwọn ohun tí wọn kò gbà kọjá ínfátà. Bí gbogbo ilé yín bá wà lẹ́yìn LOAD, bí mo ṣe rò pé ó rí ní ilé tí ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀ bẹ́ẹ̀, ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ mú. Ó rọrùn, kò sì ní òrùka tí ẹnikẹ́ni lè fi sódì.

Mo sọ ti òrùka yìí nítorí pé òun ló ń fa wàhálà jù nínú irú iṣẹ́ yìí. Ọfà kan wà lára rẹ̀ tó ń sọ ìhà tó yẹ kó kọjú sí. Bí wọ́n bá fi í sódì, iná tó ń jáde ni ẹ̀rọ yóò máa rí bí èyí tó ń wọlé. Yóò rò pé ilé ṣì ń ra iná lọ́wọ́ NẸ́PÀ, yóò wá túbọ̀ máa tì í jáde láti dí àlàfo náà, bó sì ṣe ń tì í ni àlàfo náà yóò máa fẹ̀ sí i lójú rẹ̀. Ẹni tó bá pa títà lórí síkírínì tí òrùka rẹ̀ ṣì wà sódì kò tíì pa ohunkóhun. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí wọ́n bá fi òrùka náà há wáyà méjèèjì pọ̀ dípò ẹyọ kan tó gbé iná, kò ní rí nǹkan kan, nítorí èyí tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ yóò pa ara wọn rẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ ṣe é ní alẹ́ tí NẸ́PÀ wà: kí oníṣẹ́ dá bátìrì dúró kó má ṣe bọ́ ilé, kí ẹ tan áyọ́ọ̀nù kan tó jẹ́ wáàtì 1,000, kí ẹ sì wo iye tí síkírínì kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá iná. Ó yẹ kó súnmọ́ 1,000 láìní àmì ìyọkúrò níwájú. Bó bá kọ ìyọkúrò, òrùka ti wà sódì nìyẹn. Ilé tí wọ́n bá sì ti ń yí fíúsì láti fésì kan sí òmíràn láti wá èyí tí iná rẹ̀ lágbára, bí a ti máa ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, kí wọ́n rí i pé ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń yí i ni òrùka wà, kó lè jẹ́ pé fésì tí ínfátà ń lò gan-an ló ń wò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kọjá owó, kò sì yẹ kí a fi falẹ̀. Nígbà tí NẸ́PÀ bá lọ, ẹ̀rọ tó dára gbọ́dọ̀ já ara rẹ̀ kúrò lára wáyà ìta lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó sì máa bọ́ ilé nìkan. Ẹ̀rọ háíbírìdì tó péye ń ṣe èyí fúnra rẹ̀, àmọ́ bí wọ́n bá so wáyà náà ṣe ni. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti so ohun tó ń jáde lójú LOAD padà mọ́ pátákó tí wáyà NẸ́PÀ ń wọ̀, láìsí ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí iná 230V bá gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ padà dé tiransfọ́mà, tiransfọ́mà náà kò mọ̀ pé ilé ni ó ti wá. Yóò sọ ọ́ di 11,000V tàbí 33,000V ní ìhà kejì, òṣìṣẹ́ tó gun ọ̀pá nígbà tí gbogbo ìlú ṣókùnkùn ni yóò sì fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, ní alẹ́ ọjọ́ tí oníṣẹ́ bá wá, kó pa bíréékà tó ti mítà wá, kó jẹ́ kí ilé máa lo bátìrì, kó wá fi ẹ̀rọ ìdánnáwò kan ìhà ínfátà lára bíréékà náà. Kò gbọdọ̀ rí iná níbẹ̀. Bó bá rí i, kí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ títí wọn yóò fi tún un so. Kó tún wo wáyà ilẹ̀ bóyá wọ́n rì í dáadáa, àti bóyá ẹ̀rọ tó ń gba mànàmáná wà ní ìhà páànẹ́ẹ̀lì àti ní ìhà NẸ́PÀ, nítorí àrá tó ń bá òjò oṣù Kẹrin àti Karùn-ún wá ní agbègbè olókè bíi tiwa kì í ṣe kékeré.

Àwọn páànẹ́ẹ̀lì 2 tí wọ́n ní kí ẹ fi kún un, àtifi wọ́n kún un yóò ṣe ibi. Ojú ẹ̀yìn páànẹ́ẹ̀lì 550W, ibi tí wọ́n kọ Voc sí (fóltì rẹ̀ nígbà tí kò tíì bọ́ ohunkóhun), ẹ óò rí iye kan tó súnmọ́ 49.8V. Mẹ́jọ tí a so tẹ̀léra jẹ́ nǹkan bí 398V, ó sì tẹ́rùn fún ínfátà tó jẹ́ pé 500V ni òpin ohun tó lè gbà, bí ó ti rí lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ 5 kW. Mẹ́wàá yóò jẹ́ 498V, tó dà bí ẹni pé ó ṣì wà lábẹ́ òpin, ṣùgbọ́n ìwọ̀n 25°C ni wọ́n fi wọn iye yẹn, òtútù a sì máa gbé e sókè. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́ tí ara ń gbọ̀n, tí ooru ibẹ̀ lọ sílẹ̀ dé 15°C, tí oòrùn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sí páànẹ́ẹ̀lì tútù, iye náà yóò kọjá 510V. Ínfátà lè jó nírú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì ní gbà á lọ́wọ́ yín mọ́ pé ó ṣì wà lábẹ́ ìdánilójú. Bí ẹ bá nílò páànẹ́ẹ̀lì sí i lọ́jọ́ iwájú, kí wọ́n so wọ́n lọ́tọ̀ sí ihò kejì tí ẹ̀rọ náà bá ní in. Mi ò tilẹ̀ rò pé ẹ nílò wọn: 8 tí ẹ ní yẹn lè mú bí yúnìtì 15 wá ní ọjọ́ tí oòrùn mú, ilé yín kò sì lè lò ó tán.

Ohun tí ẹ nílò ni ibi tí a óò kó o sí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a ṣírò bátìrì yín. 51.2V lọ́nà 100Ah jẹ́ yúnìtì 5 àti díẹ̀. Bí a bá fi 20% sílẹ̀ nínú rẹ̀ kó lè pẹ́, ó ku bíi 4.1. Ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ tó wáàtì 50 ní gbogbo ìgbà tó bá wà ní títàn, díẹ̀ sì ń ṣòfò bí iná ṣe ń kúrò nínú bátìrì bọ́ sílé. Yúnìtì 3 àti díẹ̀ ló kù fún yín láti aago méje alẹ́ sí aago méje òwúrọ̀. Fíríìsà yóò mú bíi 1.2 nínú rẹ̀, fáànù méjèèjì 1.4 bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ fún wákàtì 10, tẹlifíṣọ̀n àti gílóòbù yóò pín 0.6. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3.2. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé lẹ́yìn tí a bá ti pa títà, bátìrì yóò gbé yín dé òwúrọ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló máa fi dé e. Fíríìsà ni kí a kọ́kọ́ dín kù. Ẹ ra táímà tí wọ́n ń fi sáàárín pọ́lọ́ọ̀gì àti ohun èlò, kí ẹ fi ọ̀pọ̀ omi inú ọ̀rá dì í pa láàárín aago mọ́kànlá sí mẹ́ta tí oòrùn pọ̀ jù, kí ó sì sinmi láti aago méjìlá òru sí mẹ́fà àárọ̀. Yìnyín tó wà nínú rẹ̀ yóò dá a dúró. Áyọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ tó ń fa omi, ẹ̀rọ ìlọta, ọ̀sán ni kí gbogbo wọn máa ṣiṣẹ́.

Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ bóyá wáyà tín-ín-rín tó so bátìrì mọ́ ínfátà fún ọ̀rọ̀ sísọ wà níbẹ̀, nítorí púpọ̀ ló máa ń fi í sílẹ̀ nínú páálí. Láìsí rẹ̀, fóltì ni ínfátà fi ń méfò ohun tó kù, fóltì bátìrì lítíọ́ọ̀mù onísẹ́ẹ̀lì 16 kì í sì í sọ òtítọ́: láti 80% sí 30%, kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ju fóltì kan àti díẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí síkírínì fi lè kọ 60% kí bátìrì sì kú lẹ́yìn wákàtì kan. Bí wáyà náà bá wà, kí wọ́n yan "Lithium". Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń gba iná wọ bátìrì 100Ah kò yẹ kó kọjá 50A, àfi bí ìwé tó bá bátìrì wá bá sọ pé ó lè gbà jù bẹ́ẹ̀. Páànẹ́ẹ̀lì yín lè tì í kọjá 70A lọ́sàn-án bí wọn kò bá fi òpin sí i. Kí èyí tí NẸ́PÀ máa fi wọ̀ ọ́ jẹ́ 20A.

Ẹ má pa "Time of Use" rẹ́ o. Ó wúlò, bí a bá ti yọ títà kúrò nínú rẹ̀. Níbi tí NẸ́PÀ kò ti ní àkókò kan pàtó, kí àkókò tí a kọ sínú rẹ̀ gùn, kí ìpín sì kéré: láti aago méje alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀, 40%, pẹ̀lú àṣẹ pé kí NẸ́PÀ máa gba iná sí i dé ibẹ̀. Ní alẹ́ tí NẸ́PÀ bá wà, bátìrì yóò sọ̀kalẹ̀ dé 40%, yóò dúró, NẸ́PÀ yóò sì gba ilé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní alẹ́ tí NẸ́PÀ kò bá sí, ìpín yẹn kò ní dí i lọ́wọ́. Yóò máa lọ títí dé 20% tí ẹ fi sí ìdádúró pátápátá. Bí òjò bá ti wọlé láti oṣù Kẹfà sí Kẹsàn-án, ẹ gbé 40% náà sókè sí 60%. Nígbà ọyẹ́, ẹ dá a padà sí 40%, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n fi omi àti aṣọ rírọ̀ nu eruku lójú páànẹ́ẹ̀lì ní àárọ̀ kùtù, kí ojú wọn tó gbóná.

Ǹjẹ́ ẹ lè tà á lọ́jọ́ kan? Òfin Iná Mọ̀nàmọ́ná ọdún 2023 kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ohun tó fi ń mú iná jáde níbì kan kò ju 1 MW lọ, tiyín kò sì ju 5 kW lọ, nítorí náà sólà orí òrùlé yín kò lòdì sí òfin náà. Àtifi iná náà sínú wáyà ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ní ìpínlẹ̀ Kogí ni ọ̀rọ̀ mìíràn: ó ń fẹ́ àdéhùn tí wọ́n bá yín fọwọ́ sí, mítà tó ń ka ìwọlé sọ́tọ̀ tó sì ń ka ìjáde sọ́tọ̀, àti iye owó tí a kọ sílẹ̀ fún yúnìtì tó bá jáde. Ní Jámánì, òfin ọdún 2000 fi dandan mú àwọn tó ni wáyà pé kí wọ́n ra irú iná bẹ́ẹ̀ ní iye tí a là sílẹ̀. Irú ibẹ̀ ni bọ́tìnì títà ti wúlò. Títí ẹ óò fi ní nǹkan mẹ́ta yẹn, ẹ má tún un tan. Kódà lọ́jọ́ tí ẹ bá ní wọn, ẹ rántí pé iná kò lè jáde bí NẸ́PÀ kò bá sí lójú wáyà, àwọn ọ̀sán tí kì í sí ní ìlú wa ẹ sì mọ̀ wọ́n jù mí lọ. Bátìrì kejì yóò gba àjẹkù náà lójoojúmọ́, NẸ́PÀ ì báà wà, kó má sì wà.

Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ ra bátìrì kejì náà, kí wọ́n ra irú kan náà, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe ti àkọ́kọ́, 51.2V, 100Ah. Kí oníṣẹ́ gba iná sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ títí yóò fi kún pátápátá kó tó so wọ́n pọ̀, nítorí bí ọ̀kan bá kún tí èkejì sì ṣófo, ọ̀kan yóò ya wọ inú èkejì lójijì pẹ̀lú agbára tó lè jó wáyà. Kí wáyà tó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dé ínfátà gùn bákan náà. Lẹ́yìn náà, kí oníṣẹ́ gbé òpin ìgbaná sókè kúrò ní 50A sí 80A.